Gbòǹgbò Eyín Iwájú

"Ẹ yanu, màmá. Ó ti tó! Ẹ pa á dé."

Kí màmá náà, olùkọ́ àgbà kan, tó ṣẹ́jú, dókítà eyín ti wo ẹnu rẹ̀ tán. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó mú un wá ló kọjú sí.

"Oṣù mẹ́fà péré, wáyà wa á ti to gbogbo eyín tó gun ara wọn yìí bí ọmọ iléèwé tó wà lórí ìlà."

"Dókítà, èmi ni mo lẹnu," ni olùkọ́ náà wí. "Níbi tí mo dé lánàá, wọ́n ya àwòrán egungun ẹnu mi kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ò ní yà á ni?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ojú mi yìí ju ẹ̀rọ lọ, màmá." Ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lu eyín iwájú màmá náà, kó, kó, kó. "Ẹ ò gbọ́ ọ bí? Gbòǹgbò rẹ̀ le bí àpáta! Ẹ fọwọ́ síwèé."

Olùkọ́ náà ti ìwé ọ̀hún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ rẹ̀ na bírò sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ má bínú. Ibí ló yá jù."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́!"

Ó ki ìka bọ ẹnu, ó yọ eyín iwájú ọ̀hún, ó sì gbé e kalẹ̀ sórí ìwé náà.

"Ọdún kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti ṣe eyín àtọwọ́dá yìí fún mi," ló wí, tí afẹ́fẹ́ ń súfèé láàárín ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ó yá, ẹ bá mi wá gbòǹgbò rẹ̀."