Ìbúra Lọ́yà Norbert

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní tẹ ilẹ̀ wa mọ́, àfi tí Ààrẹ bá padà sórí oyè. Mo ti búra."

Ohùn Lọ́yà Norbert gba gbogbo Oloumi, àdúgbò tó ń gbé ní Libreville.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló du ipò aṣòfin, ẹ̀ẹ̀mẹta ló fìdí rẹmi. Nígbà tí ṣọ́jà gbàjọba lọ́wọ́ Ààrẹ nílùú wọn, ó sá wá síbí. Owó epo rọ̀bì ń ṣàn níta, fọ́tò Ààrẹ ni ọ̀gbẹ́ni ń nù nílé.

Eugénie ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìsìnkú ìyá wọn dé ni.

"Ìwọ ọmọkùnrin kan ṣoṣo, àjèjì ló bá ọ da yẹ̀pẹ̀ sí màmá."

"Bí mo bá lọ bá ọ̀rẹ́ ṣọ́jà jókòó níbẹ̀, ojú wo ni Ààrẹ máa fi wò mí?"

Eugénie rẹ́rìn-ín.

"Ààrẹ rẹ wà níbẹ̀. Oníbàárà màmá ni, ọwọ́ wọn ló ti máa ń ra aṣọ. Mọ́tò ṣọ́jà ló gbé e wá, òun ló sì da yẹ̀pẹ̀ ọ̀hún. Ó wá bi mí pé, ṣé màmá ò bí ọmọkùnrin ni?"