Ewé Mẹ́ta Nínú Àwo

Èyítáyọ̀, ìyàwó ọmọ mi, ò tíì yéé ya fọ́tò oúnjẹ.

Ilé oúnjẹ àwọn ará Japan ló gbé mi wá ní Houston níbí. Wọ́n ní ohun tó ń hù lágbègbè yìí lásìkò yìí ni wọ́n ń sè. Àwo mẹ́jọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyí tó lè yó ológbò.

Torí kí n lè padà sílé wọn ní Fulshear lọ bá wọn tọ́jú ọmọ ni gbogbo ẹ̀tàn yìí.

Àwo kẹta dé. Ẹja bíńtín, ewé gbúre mẹ́ta lórí ẹ̀.

"Mummy, ẹ tọ́ ọ wò. Eléyìí ni wọ́n ń pè ní ewé."

Mo pòṣé.

Gbúre yìí náà tí mo gbìn ló fà tu lẹ́yìnkùlé wọn lọ́dún tó kọjá. Ó ní koríko ni, pé ó ń pe ejò wálé. Ọjọ́ yẹn ni mo kó lọ sí ilé tèmi ní Mission Bend.

Ó bi ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ pé níbo ni wọ́n ti ń rí ewé náà.

Ọmọ náà tẹrí ba fún mi. "Ìyá yìí ló ń gbìn ín. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń kó o wá fún wa."

Èyítáyọ̀ gbé fóònù ẹ̀ sílẹ̀.

Mo nu ẹnu mi. "Ẹ wá ẹlòmíì tó máa bá yín tọ́ ọmọ. Koríko mi ń dúró dè mí."