Ògiri Tí Kò Jò

Bí ògiri yìí bá jò, Horácio Medeiros máa padà sí Alberta tó jìnnà réré lọ wáṣẹ́, ìyá rẹ̀ á sì lọ sílé àwọn arúgbó. Ọ̀gá Nunzio ti là á mọ́lẹ̀ fún un lójú gbogbo òṣìṣẹ́ pé gáréèjì abẹ́ ilẹ̀ méjì tó ṣe kẹ́yìn ló jò, òun ò ní gba ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Graça àbúrò rẹ̀ náà ti sọ tirẹ̀.

"Ọjọ́ tó o bá fi Toronto sílẹ̀, Màmá ń lọ síbi tí wọ́n á ti máa tọ́jú wọn. Èmi ò lè dá a gbé."

Ẹ̀yìn ilé ìyá rẹ̀ gan-an ni wọ́n gbẹ́ kòtò gáréèjì náà sí. Lọ́sàn-án, Horácio á gba ẹnu géètì wọlé lọ jẹun. Ìsàlẹ̀ ilé, nínú yàrá tó rì sínú ilẹ̀, ni Dona Idalina ìyá rẹ̀ ń gbé, bí àwọn ìyá Potogí àdúgbò náà ti máa ń ṣe. Òkè wà fún àlejò, pẹ̀lú àga tí wọ́n fi ọ̀rá bò àti ilé ìdáná tẹ́nikẹ́ni kì í dáná níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ìkòkò wà, ìsàlẹ̀ náà ni bẹ́ẹ̀dì wà. Orúnkún ìyá ò gbé wọn mọ́. Ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan ni wọ́n ń rí òkè, Horácio ló sì ń pọ̀n wọ́n gun àtẹ̀gùn.

"Màmá, ẹ jẹ́ n gbé bẹ́ẹ̀dì yín lọ sókè."

"Kí àlejò wá bá ìbọ̀sẹ̀ mi lórí àga? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò nítìjú rárá! Jẹun. Odò mi sì wà níbí."

Odò kan ń ṣàn lábẹ́ àdúgbò náà, ìlú ti bò ó mọ́lẹ̀ tipẹ́. Bílé bá pa rọ́rọ́, Dona Idalina á ní òun ń gbọ́ orin rẹ̀.

Wọ́n hun irin, wọ́n to pákó. Ní apá ibi tílé ìyá wà, katakata fọ́ páìpù amọ̀ àtijọ́ kan tó wá láti abẹ́ ilé náà, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó korobá, omi sì ń tú jáde níbẹ̀.

"Omi yìí ló máa lé ẹ lọ," Nunzio wí.

"Kò lè ṣẹlẹ̀, ọ̀gá."

Horácio fúnra rẹ̀ ló ki kọnkéré sí páìpù náà lọ́fun títí ó fi dákẹ́. Wọ́n da kọnkéré ògiri náà. Ó fi iná yọ́ rọ́bà dúdú mọ́ ọn lára nílọ̀ọ́po méjì, ó tún fi ọwọ́ tẹ gbogbo etí rẹ̀. Nunzio yí i ká, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Tí èyí bá gbẹ, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ń bẹ níwájú. Fọkàn balẹ̀, omi téèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá ẹni."

Lọ́jọ́ kejì, ìyá bu ọbẹ̀ fún un, wọ́n wá tẹ́tí sí ilẹ̀.

"Odò mi ò kọrin mọ́."

"Bóyá ó sùn, Màmá."

"Odò kì í sùn."

Láàárọ̀ ọjọ́ tójò ńlá dé, Nunzio ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa lọ, kí Horácio nìkan dúró ṣọ́ ògiri. Ó ń fọwọ́ pa ògiri láti igun kan dé èkejì. Lọ́sàn-án, fóònù dún.

"Ọbẹ̀ ti jinná o."

"Màmá, òjò yìí ni ìdánwò mi. Ẹ bá mi bò ó."

"Ilẹ̀ tutù lónìí. Ó ń rin mí lẹ́sẹ̀."

"Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀. Ẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ má kúrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ má lọ ṣubú. Mò ń bọ̀."

Òjò ń dá lọ nígbà tí Nunzio padà dé. Ó fa áńkáṣíìfù funfun yọ, ó fi nu ìsàlẹ̀ ògiri, ó gbé e sókè. Eruku nìkan ló wà lára rẹ̀.

"Horácio, o ò lọ sí Alberta mọ́."

Horácio pe Graça lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Màmá ò kúrò nílé wọn o! Ṣé o gbọ́?"

Ó gba ẹnu géètì wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó ṣílẹ̀kùn àtẹ̀gùn pé kóun ké "Màmá!", omi tóun fúnra rẹ̀ dí lọ́nà ti dé àtẹ̀gùn kejì látòkè, ó dúró jẹ́ẹ́, ìbọ̀sẹ̀ kan sì léfòó lójú rẹ̀.