Ilẹ̀kùn Fọ́ọ̀dù Àtijọ́

Bí panẹ́bítà náà ṣe ká kápẹ́ẹ̀tì Fọ́ọ̀dù àtijọ́ yẹn sókè ni òòlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọrí ìkòkò ìyá rẹ̀ ló rí nílẹ̀ mọ́tò náà, èyí tí òun fúnra rẹ̀ fi dí ihò nígbà tó ń kọ́ṣẹ́.

"Àǹtí, ta ló ni mọ́tò yìí?" ó bi obìnrin tó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ṣógúnlé.

"Dádì mi ni. Wọn kì í fẹ́ gbọ́ pé ká tà á. Mọ́tò Amẹ́ríkà gidi: iwájú káà, ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù. Wọ́n ti ń bọ̀ láti Òkòtà."

Mọ́tò yìí gan-an ni bàbá panẹ́bítà gbé lọ ra iṣu ní Ṣakí ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn tí kò fi padà wálé mọ́. Wọ́n wá a títí, wọ́n sì ṣàdúrà òkú rẹ̀ láìrí òkú. Ó he òòlù, ó dì í mú gírígírí. Apànìyàn ló ń bọ̀ yìí.

Bàbá arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ó fi orúnkún ta ilẹ̀kùn Fọ́ọ̀dù náà, ó gbé e sókè díẹ̀, ó sì ṣí. Ẹnì kan ṣoṣo ni panẹ́bítà mọ̀ tó máa ń ṣí i bẹ́ẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá," ni bàbá náà wí. Kò dá a mọ̀. "Kí ni wọ́n ń pè yín?"

Ó yẹ kí panẹ́bítà dọ̀bálẹ̀. Kò dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá Babátúndé," ó dáhùn. "Ọ̀sẹ̀ tá a ṣàdúrà òkú yín la bí i."