Ọmọ Ìkookò Tí Alàájì Mọ́nsúrù So Mọ́lẹ̀ ní Òwu

Ẹ̀yin tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ sọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kà á dé òpin, kí ẹ sì fún ẹnikẹ́ni tó bá ń wá ẹranko tí yóò fi ṣe fáàrí. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, n kò sì ní tọrọ àforíjì.

1.
Ní ọdún 1981, Alàájì Mọ́nsúrù, tó ń ta aṣọ funfun fún àwọn aláró Abẹ́òkúta, ra ajá kan lọ́wọ́ òyìnbó ẹnjiníà tó ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílé. Ajá ni ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀, ìkookò ni, ìkookò ilẹ̀ òyìnbó tó ń gbé inú igbó tútù.

Òyìnbó náà kìlọ̀ fún un: "Alàájì, ọmọ ìkookò ni o, ẹ má so ó mọ́lẹ̀. Àyè ńlá ló ń fẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ebi pa á. Bó bá dàgbà tán, ìwà rẹ̀ lè yí padà."

Ó mọ gbogbo èyí, ó sì tà á! Òun náà jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ, "ìkookò" nìkan ni Alàájì gbọ́.

2.
Ó sọ ẹranko náà ní Jẹ́nẹ́rà. Ó fi ẹ̀wọ̀n so ó mọ́ òpó lágbàlá ilé wọn ní Òwu, lábẹ́ páànù, nínú ooru, pẹ̀lú irun ara tó ki bí rọ́ọ̀gì. Láti àárọ̀ títí di alẹ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bí àlejò bá dé, Alàájì á ní: "Ẹ wò ó, ìkookò ni! Olè wo ló máa wọ ilé yìí?"

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó ń dùn mí jù. Alàájì kò fọwọ́ kan ẹranko yìí rí. Ó ní itọ́ ajá á ba àlùwàlá òun jẹ́, pé bó bá kan aṣọ òun, ẹ̀ẹ̀meje ni wọn yóò fọ̀ ọ́. Àbúrò rẹ̀ ọmọ ìyá kan, Àsíátù, opó, ló ní kó máa bọ́ ọ, kó máa kó ìgbẹ́ rẹ̀. Àlùwàlá kò ṣẹ̀ o. Ìwọ tí o kò lè fọwọ́ kan ẹran, kí lo rà á fún?

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni Àsíátù ń ṣe. Ìyẹ́ adìyẹ ló fi ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ funfun kó tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ní Ìtòkú, ní ọjà àdìrẹ, wọn kì í béèrè ẹni tó ni iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á ti mọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń di ìyẹ́ náà mú ló fi ń tọ́ ọmọ mẹ́ta.

3.
Ó di ọdún 1983. Iléyá ku ọ̀la.

"Àsíá," ni Alàájì wí, "má fún Jẹ́nẹ́rà lóúnjẹ títí di ọ̀la. Mo fẹ́ kí àwọn àlejò mi rí ojú ìkookò."

"Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí. Àná ló fa ìró mi ya."

"Ṣé ìwọ lo ni ín ni? Ohun tí mo wí ni kóo ṣe."

Àsíátù kò lè yájú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀.

4.
Wọ́n dé láti Yídì, wọ́n sì dúńbú àgbò níwájú ẹranko tí kò tíì jẹun láti àná. Nígbà tó gbóòórùn ẹ̀jẹ̀, kò gbó bí ajá. Ó ń ké ròròrò, ó ń fa ẹ̀wọ̀n. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Orí Alàájì wú nínú agbádá funfun.

"Àsíá, gbé ìfun fún un, kí wọ́n rí i!"

"Bùrọ̀dá, ẹ̀rù ń bà mí."

"O fẹ́ dójú tì mí níwájú èèyàn?"

Ó gbé abọ́, ó bẹ̀rẹ̀. Ẹranko náà kò wo ìfun. Ọwọ́ ọ̀tún Àsíátù ló gbá mú.

Lydia, aládìrẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wá kí i láti Aké, ló gbé igi tí wọ́n fi ń ro aró, tó sì ń lu ẹranko náà lórí títí tó fi tú ẹnu. Alàájì ńkọ́? Ó ti sá gun àtẹ̀gùn, ó ká agbádá rẹ̀ sókè, ó ń pariwo pé: "Ẹ má jẹ́ kó kàn mí o!" Ọmọ ìyá rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ nílẹ̀!

5.
Ìka mẹ́ta ni wọ́n gé ní ilé ìwòsàn. Dókítà ní òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tí wọ́n ń fún ajá ń ṣiṣẹ́ lára irú ẹranko bẹ́ẹ̀, nítorí náà, ikùn ni Àsíátù ti ń gba abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdẹ yìnbọn pa ẹranko náà lórí ẹ̀wọ̀n. Èmi kò bú u. Kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kí wọ́n gbé òun wá sí Òwu.

Nígbà tí Àsíátù padà délé, Alàájì wọlé tọ̀ ọ́. "Àsíá, dárí jì mí. Mi ò mọ̀ pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀."

"Bùrọ̀dá, ẹ fọwọ́ kàn án rí?"

Alàájì fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, Àsíátù fà á sẹ́yìn.

"Ẹ ò kàn án rí. Ọwọ́ tèmi lẹ fi sin ajá yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ."

Lydia lọ ròyìn ní Ìtòkú. Láti ọjọ́ náà, kò sí aláró kan tó ra aṣọ funfun lọ́wọ́ Alàájì mọ́, ìsọ̀ rẹ̀ sì tì pa. Ṣùgbọ́n èyí kò dá ìka kan padà. Àsíátù kò lè di ìyẹ́ mú mọ́, iyọ̀ ló ń tà báyìí.

Ìkìlọ̀ mi rèé, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ẹranko igbó kì í ṣe agbádá tí a fi ń yan níwájú àlejò. Bí o kò bá ní àyè fún un, tí o kò lè fọwọ́ ara rẹ bọ́ ọ, má rà á. Má sì ti ọwọ́ ẹlòmíràn bọ ẹnu ohun tí ìwọ fúnra rẹ ń sá fún. Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ní ilé Alàájì Mọ́nsúrù, ẹni tí kò gbọ́ fèrè kọ́ ló wà lórí ẹ̀wọ̀n, òun sì kọ́ ni wọ́n gé níka.