Kíámọ́sá àti Àtẹ̀jíṣẹ́ Tí Kò Yẹ Kó Jáde

Ìwàǹwára ni àrùn tó ń ṣe Kíámọ́sá. Ètò kọ̀ǹpútà ló ń kọ jẹun, ó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù láti padà wo ohun tó kọ. Bí iṣẹ́ bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti parí lójú tirẹ̀ nìyẹn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Kíámọ́sá, òun sì rò pé oríkì ni wọ́n ń kì òun.

Láràárọ̀, kó tó jókòó, á ti ka ìròyìn nípa àwọn ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńláńlá lórí fóònù rẹ̀. Àkọlé nìkan ló máa ń kà. Á ní, "Ẹ gbọ́, wọ́n ti ní ẹ̀rọ tó ń fi wákàtí kan kọ ètò odindi oṣù kan. Ẹ̀yin ẹ ṣì jókòó síbẹ̀, ẹ ń ka iṣẹ́ ara yín bí ẹni ń ṣa òkúta inú ìrẹsì."

Òfin kan wà nílé iṣẹ́ wọn. Iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ jáde àfi tí ẹni tó jókòó tì ọ́ bá kọ́kọ́ kà á. Orúkọ àwọn ènìyàn tí kò sí láyé, tí wọ́n hùmọ̀ fúnra wọn, ni wọ́n sì fi ń dán ètò wò, kí àṣìṣe má baà dé ọ̀dọ̀ ènìyàn gidi. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí kì í pariwo, ló fi òfin náà lélẹ̀. Ó máa ń sọ fún Kíámọ́sá pé, "A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná o." Òun náà á fèsì pé, "Ọ̀gá, ọbẹ̀ tèmi ti tutù." Gbogbo wọn á sì rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún kan, ilé ẹ̀kọ́ girama kan gbé iṣẹ́ fún wọn: ètò tí yóò máa fi èsì ìdánwò ránṣẹ́ sí fóònù àwọn òbí. Kíámọ́sá ni ọ̀gá fà á lé lọ́wọ́. Inú rẹ̀ dùn, nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà ní kíláàsì àṣekágbá níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ nígbà tí ìyá wọn kú, òun ló sì rán an lọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, bí ọmọ inú Kíámọ́sá gan-an ló sì rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ètò náà kù díẹ̀ kó parí. Ó sú Kíámọ́sá láti máa hùmọ̀ orúkọ, ló bá kúkú lo nọ́ńbà àwọn òbí gidi tí ilé ẹ̀kọ́ fún wọn. Ẹ̀fẹ̀ sì ni ó máa ń fi ṣe ìdánrawò rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé, "Ọmọ yín ti fìdí rẹmi. Ẹ wá kó ẹrù rẹ̀."

Ọkùnrin tó jókòó tì í ní, "Jẹ́ n bá ọ wò ó ná."

"Kí lo fẹ́ wò? Ìdánrawò lásán ni, kò ní jáde kúrò lórí kọ̀ǹpútà mi." Ló bá tẹ bọ́tìnnì.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kò tíì gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà tí fóònù ọ̀gá fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Òbí kan ń sunkún, òmíràn ń ṣépè. Kíámọ́sá wo ohun tó ṣe, òógùn bò ó. Ibi tó ti ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi tọrọ àforíjì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pè é.

"Àbúrò mi, wọ́n ní ọmọ mi fìdí rẹmi. Mo bínú, mo ní kó kúrò níwájú mi. Ó ti jáde nílé, kò mú fóònù dání. Mo ti wá a títí, mi ò rí i."

"Ẹ̀gbọ́n mi, irọ́ ni. Èmi ni mo fi í ránṣẹ́. Ìdánrawò ni mò ń ṣe."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Lọ wá ọmọ mi fún mi."

Kíámọ́sá sáré jáde. Ó dé ibùdókọ̀, ó dé ilé àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ náà, kò gbúròó rẹ̀. Ó dé etí odò tó gba abẹ́ afárá kọjá, ó dúró, kò lè wo omi náà tán. Ẹ̀rù bà á lọ́jọ́ náà bí kò ṣe bà á rí. Ohun tó kù tó rò ni pé kí òun lọ bẹ ilé ẹ̀kọ́ kí wọ́n bá òun wá a.

Inú kíláàsì kan níbẹ̀ ló ti rí i. Ọmọ náà àti tíṣà ìṣirò jókòó, wọ́n tẹ́ ìwé ìdánwò sílẹ̀.

"Bọ̀dá mi, kí ló dé tí ẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ báyìí? Wọ́n ní mo fìdí rẹmi, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo kọ. Mo wá bẹ tíṣà pé kí wọ́n tún ìwé mi yẹ̀ wò."

Tíṣà ní, "A ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó yege dáadáa. Mi ò mọ ẹni tó fi irú ìròyìn yẹn ránṣẹ́."

Kíámọ́sá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Èmi ni," ló ní. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé fóònù sí ọmọ náà létí. Nígbà tó gbọ́ tí ìyá àti ọmọ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ wọ̀ọ̀, ara tù ú bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

Ìyà kò ṣàì jẹ ẹ́. Ọ̀gá ní kó pe gbogbo òbí lọ́kọ̀ọ̀kan, kó fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n bú u, ó gbà. Ilé ẹ̀kọ́ ní àwọn kò fẹ́ kó fọwọ́ kan iṣẹ́ àwọn mọ́. Ọ̀gá gba àṣẹ fífi iṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dá a padà sáàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Lónìí, ọmọ tó lè bí á sọ fún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún ìlà yìí wò," á sì tún un wò. Ojú máa ń tì í, ṣùgbọ́n bó bá ti rántí etí odò yẹn, á dúpẹ́ pé ìtìjú nìkan ló bá òun.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò ṣòro. Iṣẹ́ yíyá dára, ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n náà dára, ṣùgbọ́n ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló wà níbi tí iṣẹ́ wa ń lọ. Kí á tó jẹ́ kó jáde, kí á yẹ̀ ẹ́ wò, kí á sì jẹ́ kí ẹlòmíràn bá wa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá lè ní kí wọ́n tún ìwé òun wò, kí ló ń ṣe àgbà tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Orí ló bá Kíámọ́sá ṣe é. Kì í ṣe gbogbo oníwàǹwára ni ọmọ rẹ̀ ń padà wálé.