Elán Ìyá Diamond

Ọ̀rọ̀ Faransé kan ló fẹ́ lé Ṣubúọlá kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin tó ti wà láti ìgbà omidan. Akíntáyọ̀, ọ̀gá akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn l'Éjìgbò, ló kó ọ̀rọ̀ náà bọ̀ láti Kùtọnu: elán.

"Kì í ṣe ariwo, kì í ṣe ijó," ó ṣàlàyé. "Ohun tó ń gbé èèyàn nílẹ̀ ni. Tó bá ti mú yín, ẹ ò ní lè dúró jẹ́ẹ́."

Ká tó wí ká tó fọ̀, elán ti dé ẹnu gbogbo wọn. Jẹnẹrétọ̀ tó kọ̀ tí kò tan, kò ní elán. Ẹ̀bà tó rọ̀ jù, kò ní elán. Ṣubúọlá náà kò ní. Ohùn rẹ̀ dùn, súìtì oyin kì í sì í wọ́n nínú àpò aṣọ akọrin rẹ̀ nítorí ọ̀fun, àmọ́ bí òpó iná ló ṣe máa ń dúró kọrin.

"Ìyá Diamond, ẹ má bínú o," ni Akíntáyọ̀ wí. "Tí n ò bá rí elán lára yín níbi ìdíje Àjàó Estate, ẹ máa lọ jókòó sáàárín ìjọ."

Ó dun Ṣubúọlá wọra. Akíntáyọ̀, ọmọ tó pọ̀n rí! Ó gbọn èjìká wò níwájú dígí nílé.

"Mọ́mì, ṣé ẹ̀yìn ń dùn yín ni?" Diamond, ọmọ rẹ̀, béèrè.

Lọ́jọ́ ìdíje, ó fa aṣọ yọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọ̀ ọ́ lórí ìdúró, wọ́n gbéra.

Ní ẹsẹ kìíní, òpó iná náà ni. Ní ẹsẹ kejì, èjìká rẹ̀ fò. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé ìkejì. Nígbà tí wọ́n dé "Halelúyà", ó fọwọ́ lu itan pàá, ó ta ohùn sókè níbi tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ, ó sì yí bírí. Ara àwọn akọrin yòókù gbóná. Gbogbo ilé dìde. Àwọn ló gba ife.

Akíntáyọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ dárí jì mí, Mọ́mì. Ibo lẹ ti rí elán yìí?"

"Nínú kọ́bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún gbogbo wa níbẹ̀."

"Mo gbọ́, ọmọ mi."

Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí gbogbo wọn ti lọ tán, Ṣubúọlá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ju súìtì oyin kọ̀ọ̀kan sínú àpò aṣọ gbogbo akọrin, ó fi méjì sí ti Akíntáyọ̀, ó sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀, kí àwọn tanpẹ́pẹ́ tó jẹ ẹ́ nítan títí orin fi parí l'Ájàó lè ríbi wọlé.